Aṣálẹ̀ Létí Òkun

Mosọpẹ́ lóun fẹ́ rí aṣálẹ̀,
nílẹ̀ tójò ti ń bẹ̀ wá wò lójoojúmọ́!
Bàbá rẹ̀ tẹ́ máàpù sórí tábìlì,
ó fìka wọ́ ọ̀nà Kẹ́ǹtì dópin:
Dọ́njẹnẹ́sì. Òkúta wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́, òkun.

“Mọ́ńdè ọlidé ni,” mo ní. “Tílẹ̀ bá fi mọ́ bá wa ní Jílíńgámù,
Lọ́ńdọ̀nù ti kó àga àti ajá síwájú wa nìyẹn.”
Aago mẹ́rin, a fẹnu kò.

Màámi pòṣé:
“Èmi tí mo jẹ eruku Sókótó lọ́dún mọ́kànlá,
ẹ ń rapo lọ wo aṣálẹ̀?”

Aago mẹ́rin lù. Mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ Mosọpẹ́.
Màámi ti wà nínú ọkọ̀,
bẹ́líìtì láyà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ lórí itan,
ó ń fọwọ́ lu fèrèsé
pé ṣé Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ débẹ̀ ni.