Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ni

Fóònù ìyá àgbà mi dún, yìnyín ń já lójú fèrèsé,
ní ìlú kékeré wa ní Wisikọ́ńsìn.
Ohùn obìnrin kan ni, ó gbọ́ èdè Mọ́ọ̀ng délẹ̀délẹ̀,
èdè tí Youa Thao pọ̀n sọdá odò Mẹ̀kọ́ǹgì
nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn gbé.
Ohùn náà kí i kú òtútù. Ó ní:
"Ìyá, èrò ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ láti T dé Y,
Ọjọ́rú ni tiyín. Ẹ jókòó sílé lọ́la.
Ẹni tó bá ṣìnà wá, wọn á bi í bó ṣe dé ilẹ̀ yìí."

Thao. Vang. Xiong. Yang.
Ẹni tó pa irọ́ yìí mọ orúkọ wa.

Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó gbé bàtà tó ti tò sẹ́nu ọ̀nà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo bá a
tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.
"Ẹ ti dìbò?"
"Ọjọ́rú ni."
"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, Ìyá. Òní ni."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.
Ó dára. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́jọ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn,
òtítọ́ ò sì ní ọkọ̀.
Mo wá kọ́kọ́rọ́ tèmi.

Níwájú ilé-ìwé, ọkọ̀ ńlá kan, ọkùnrin mẹ́ta.
Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọ̀kan gbé ìbọn lé itan bí ẹni gbé ológbò,
ọ̀kan ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ wa.
Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú:
"Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí. Nínú igbó ọparun,
ọwọ́ mi ni mo fi bo àbúrò mi lẹ́nu."

Ìgbà náà ni Verna Kubiak jáde,
obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún wa ní kíláàsì kejì.
Ó fa okùn ìwọ̀n láti ẹnu ọ̀nà, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà,
ó da omi èso pupa sórí yìnyín, ó fi lalà.
Ó ka òfin láti inú ọ̀rá, bí ẹni ń pe ọmọ tó gbàgbé abọ́:
ẹni tó bá dẹ́rù ba olùdìbò,
ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọjọ́ fún un.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn kọjá ìlà,
kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ, wọ́n dúró síbẹ̀.

Òfin mọ ibi tó parí sí.
Ẹ̀rù kò lo okùn ìwọ̀n.

Ìyá àgbà ká etí yẹ̀rì rẹ̀ sókè
bí ẹni fẹ́ wọ odò,
ó dá ìlà pupa náà kọjá.

Nígbà tó jáde, kò béèrè ìtanràn, kò béèrè ẹ̀wọ̀n.
"Ọmọ ta ni, tó fi èdè wa ṣe bẹ́ẹ̀?"
N ò mọ̀.
Ó gba fóònù mi. Ó pe Nou Vang, ó pe Blia Yang:
"Òní ni. Ẹ wọ kóòtù."
Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.
Chue Xiong ò gbé e.
Ó tún tẹ̀ ẹ́.