Ọwọ́ Tó Ń Ka Èèpo

Bàbá mi àgbà, Láoyè, ò ríran mọ́
láti ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà Ìkòyí.
Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ewé,
ẹ fún un ní èèpo tí kò ju èékánná lọ,
á fọwọ́ rà á, á gbé e símú.
"Ìpín nìyí. Ó há bí ahọ́n ológbò.
Òun la fi ń dán ọpọ́n kí sánpépà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo máa ń tàn án.
Mo já ewé igbá, mo pè é ní ayùnrẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Igbá kì í gbé inú igbó dúdú.
Ibi tó bá dúró sí, ẹnìkan ti dáko níbẹ̀ rí,
ó gé gbogbo igi yòókù, ó fi í sílẹ̀ nítorí irú.
Èèpo èso rẹ̀ ni ìyá mi ń rẹ sómi
tó fi ń pa ilẹ̀ yàrá tó fi ń dán."

Ahùn ńkọ́, bàbá?
"Lọ wá a sí ìsàlẹ̀ odò.
Ṣá a díẹ̀, á sun wàrà.
Àpótí tí o jókòó lé yẹn, òun ni.
Ẹni tó bá ń fi èso nìkan mọ igi,
ẹ̀ẹ̀rùn á ṣì í lọ́nà.
Sì máa ṣọ́ ohùn ẹnu rẹ:
ọ̀dán nigi, ọ̀dàn ni pápá.
Ẹni tó ṣi ohùn gbé
á lọ wá ibòji sínú koríko."

Lọ́yẹ́ èṣí, mo ra àpò èédú kan ní Tákíé,
lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ti apá Ìkòyí bọ̀.
Ó mú méjì, ó lù wọ́n pọ̀: kẹ́n.
"Ayin. Iná rẹ̀ á pẹ́."
Ó mú òmíràn. Ó dá a sí méjì.
Ó gbé e símú, kò sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀.

"Emi ni. Igi òrí.
Níbo ni wọ́n ti gé e?"

Mo ní mi ò mọ̀.
Mo mọ̀. Mo ti rí kùkùté rẹ̀
ní ààlà oko wa, oje ṣì tutù lára rẹ̀.

Ó wá ọwọ́ mi kàn,
ó fi èédú náà ra àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi dú.
"Mọ̀ ọ́n báyìí náà," ó ní,
"bóyá bí wàá ṣe máa rí i nìyẹn."