Abọ́ Olódòdó Pupa

Ní Alẹkisáńdíríà, létí odò Pòtómáàkì,
níbi tí afẹ́fẹ́ Nòfẹ́ńbà ti ń gé etí bí abẹ,
à ń ta ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń du ipò nílùú onílùú.
Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wa, lókè ilé oníbúrẹ́dì.
Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀gá mi, Dẹ́nísìn, a máa ní oògùn tó bá dára
kì í pariwo orúkọ ẹni tó gún un.

Lóṣù yìí, mínísítà kan láti Lọ́ńdọ̀nù ló wà lọ́wọ́ wa,
mínísítà ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, Pẹngẹ́lì lorúkọ rẹ̀.
Wọ́n ní ó nílé mẹ́sàn-án tó fi ń gbowó lọ́wọ́ ayálégbé,
ògiri wọn hu bí ẹ̀bà ọjọ́ mẹ́ta,
àwọn ọmọ inú wọn ń húkọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́.
Ìwé ìròyìn gbé e. Alátakò dìde nílé aṣòfin.
Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun
ti ń fojú wọn àga rẹ̀, bóyá á gba ìdí àwọn.
Ẹni a fẹ́ sun jẹ, ó tún lọ fepo para:
ó ní àwọn ayálégbé ni kì í ṣí fèrèsé.

Aago mọ́kànlá òru níbí, aago mẹ́rin ìdájí lọ́hùn-ún,
ojú rẹ̀ yọ lórí ẹ̀rọ, ó pọ́n, kò tíì fárùngbọ̀n.
Dẹ́nísìn ní, "Sọ ìgbà èwe rẹ fún wa.
Kí ni ẹ kò ní nílé yín?"
Mínísítà ronú. Ó pẹ́.
Ó ní àwọn ní ẹṣin kan tó yarọ nígbà kan rí.

Dẹ́nísìn pa ohùn ẹ̀rọ. Ó yíjú sí mi:
"Mojíbádé, ìwọ lo mọ òṣì,"
bí ẹni ń sọ pé ìwọ lo mọ ọ̀nà báńkì.

Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.
Mo ní nílé wa, páànù jò lókè orí ibùsùn,
ìyá wa á gbé abọ́ tánganran kan síbẹ̀,
èyí tó ní òdòdó pupa, tí etí rẹ̀ ti bó.
Àwa ọmọ á sùn yí i ká,
á máa ka tó, tó, tó,
ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn ló pàdánù.
Dẹ́nísìn ti ń tẹ̀ ẹ́ kí n tó dákẹ́.
Ó yọ páànù, ó fi síléètì rọ́pò.
Ó yọ Iléṣà, ó fi abúlé etí òkun kan sí i.
Ó fi òdòdó sílẹ̀. Ó ní òdòdó yẹn ni ìbò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mínísítà dúró síwájú kámẹ́rà
nínú kóòtù tó ti gbó díẹ̀. Àwa la yàn án.
Ohùn rẹ̀ há níbi "tó, tó, tó".
A ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó há.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, olórí ìjọba ní àga rẹ̀ ṣì wà fún un.

Mọrádéyọ̀ pè mí láti Lídìsì,
àbúrò mi, tó ń nu dúdú ara ògiri láràárọ̀,
tí ọmọ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ mí.
Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa kó tó lanu.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí ọkùnrin yẹn?
Abọ́ wa! Abọ́ olódòdó pupa wa!
Àṣé òjò ò mọ òyìnbó.
Mo sunkún. Màá dìbò fún un.
Ẹni tí òrùlé ti jò lé lórí kò ní gbàgbé wa."

Mo ní, "Abọ́ pọ̀ láyé."

Ó ní, "Ó pọ̀ lóòótọ́."
Mo gbọ́ ikọ́ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, gbígbẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ìwé owó tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ wà níwájú mi:
ìmọ̀ràn, wákàtí mẹ́ta.
Ìtàn ìgbà èwe, ẹyọ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abọ́ yẹn gan-an dà?
Ta ló mú un nígbà tí Màámi kú?"