Inú Àpò

"Òkun o," ó kí mi, ó gbé àpò kalẹ̀ lórí tábìlì mi ní Kàbbà,
láàárín bàtà ṣọ́jà tó lanu
àti bẹ́líìtì olùkọ́ kan láti Ìyàrá.
Ọmọ Fátìmẹ́hìn ni. Ọdún mọ́kànlá ló lò ní Ítálì.
"Ìta rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Inú rẹ̀ ló ya."

Mo gbóòórùn awọ náà kí n tó fọwọ́ kàn án,
awọ tí wọ́n fi sùúrù ṣe.
Orúkọ wà lára irin rẹ̀: Brandólì.
Mo ní, ta ni Brandólì?
Ó fa àpótí, ó jókòó.

Ọkùnrin kan ni, ó ń tún gàárì ẹṣin ṣe ní Fulọ́rẹ́ǹsì,
nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò tó tìrẹ yìí.
Mọ́tò dé, ẹṣin wábi gbà.
Gàárì tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà kún ilé dé àjà.
Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí ó gé wọn,
kí ó fi rán àpò fún àwọn tó ń wọ rélùwéè.
Obìnrin náà ló fi aṣọ pupa sínú èyí àkọ́kọ́:
yẹ̀rì ìgbéyàwó rẹ̀ ló gé.

Ogun dé, awọ wọ́n, wọ́n fi koríko hun àpò.
Ogun lọ, àwọn òṣèré dé, owó dé,
ìjà sì mọ ọ̀nà ilé.
Àbúrò fa ẹ̀gbọ́n lọ sí kóòtù
lórí ẹni tí yóò máa jẹ́ orúkọ bàbá wọn.
Wọ́n jà títí wọ́n fi tà á.
Àwọn tó ni ín báyìí,
wọn ò mọ bí a ti ń mú abẹ́rẹ́.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ṣe níbẹ̀?"
Ó wo ọwọ́ rẹ̀.
Ó ní inú àpò lòun ń rán. Ìta, ti àwọn onílùú ni.
Èyí, ọwọ́ òun ló rán an. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yà sápá kan,
kí wọ́n lọ sun ún.
Òun gbé e pa mọ́ sábẹ́ kóòtù òtútù.

Mi ò ní òwú pupa.
Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ará Búnú,
tí òfì rẹ̀ ṣì fẹ̀yìn ti ògiri. Ó wá fúnra rẹ̀.
"Òwú ìpò? Àgbà tó kú là ń hun ìpò fún.
Ta ló kú nínú àpò yìí?"

Ọmọ Fátìmẹ́hìn ní, "Alágàárì yẹn, Màmá.
Kò sẹ́ni tó sin ín dé inú orúkọ rẹ̀."

Màmá dákẹ́. Ọ̀kadà mẹ́ta kọjá.
"Láyé ìyá mi," ó ní, "aṣọ òyìnbó la máa ń tú
ká tó rí pupa hun.
Bóyá ilé lòwú yìí ń lọ."
Ó wọn ìgbọ̀nwọ́ kan, kò fi lé e,
ó fi eyín tó kù já a.

Mo rán an. Abẹ́rẹ́ tèmi náà yà díẹ̀.
Wọ́n jọ lọ, wọ́n ń jiyàn lórí iye tí gàárì kan lè tó.
Mo fa bàtà ṣọ́jà mọ́ra.