Tòkunbọ̀

Fóònù mi àkọ́kọ́ kú ikú aró.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n yí aṣọ padà nínú ìkòkò,
ó yọ̀ jáde lápò bùbá mi bí ọ̀pọ̀lọ́,
ó ró jàbú. Ó tán.
Nígbà tí mo fi igi yọ ọ́, ojú rẹ̀ ti dúdú bí ẹtù,
omi aró ń kán létí rẹ̀.
Fẹ́hìntọlá ní kí n rì í sínú ìrẹsì.
Ìrẹsì wo? Èyí tí a máa jẹ lálẹ́?

Báyìí ni mo ṣe kúrò ní Ìtòkú lọ sí Panṣẹ́kẹ́ ní Sátidé,
owó àjọ oṣù mẹ́rin ní wíwé sínú ìborùn,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta, kò lé, kò dín.
Tuntun ń wò mí láti inú gíláàsì.
Mo wo iye tí wọ́n kọ sí i lára,
mo kí i bí ẹni tó kí ìyàwó olówó, mo kọjá.

Ṣówùnmí ló jókòó sábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé,
ó to àwọn ọlọ́wọ́ kejì síwájú bí ẹja yíyan.
"Èyí, màmá, tòkunbọ̀ ni. Ojúlówó.
Ìlú òyìnbó ló ti ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wọlé."
Ìyá Ràfátù ti kìlọ̀ fún mi kí n tó jáde nílé:
má wo dídán ara,
ilé tó bá fẹ́ wó ni wọ́n ń kùn lọ́dà.
Mo ki síìmù mi bọ̀ ọ́ nínú, mo pe Fẹ́hìntọlá,
mo ní, "Ṣé o ń gbọ́ mi?"
Ó ní, "Ẹ má pariwo mọ́, ẹ ti fọ́ mi létí."
Mo ya ẹsẹ̀ ara mi ní fọ́tò, èékánná tí aró ti jẹ,
àwọ̀ rẹ̀ jáde bó ṣe rí.
Mo yẹ ihò ṣájà wò bí ẹní ń wo etí ọmọ.
Ilà kan wà ní igun ojú rẹ̀, tín-ín-rín,
bí ilà tí olóòlà ò kọ tán.
"Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, màmá."
Bí kò bá ṣe nǹkan kan, yọ ẹgbẹ̀rún méjì kúrò.
Ó yọ ọ́. Ó ń kùn.
"Bátìrì ńkọ́?"
"Á bá yín dalẹ́."
Mo béèrè rìsíìtì. Ó wá bírò títí.

Aago márùn-ún ìdájí Sọ́ńdè,
nǹkan ké lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Mo rò pé ẹnì kan ti kú.
Mo nu ojú, mo kà á:
OÒGÙN BÀBÁ. MÁ GBÀGBÉ.

Fóònù tó ti òkun bọ̀ kì í fi Yorùbá ránni létí.
Òkun wo? Odò Ògùn nìkan ló là kọjá,
bóyá lórí ọ̀kadà, láti Lafẹ́nwá.

Mọ́ńdè, mo gbé rìsíìtì, mo gbé ìjà, mo padà.
Ṣówùnmí wolẹ̀. Ó ní kì í ṣe ti olè.
Ó ní ọmọbìnrin kan ni, sálúbàtà ilé ló wọ̀ wá,
iye tí òun kọ́kọ́ dárúkọ ló gbà.
"Kò ná an, màmá. Kò tilẹ̀ ná an."
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Ọmọ Ẹ̀gbá, tí ń tajà, tí kò ná an.

Bóyá oògùn ló fẹ́ fi owó rẹ̀ rà.
Bóyá kò sẹ́ni tó ń lo oògùn mọ́.

Fẹ́hìntọlá fi ìka hàn mí bí wọ́n ṣe ń pa á.
Mo ní, fi í sílẹ̀.
Bátìrì tó ní á bá mi dalẹ́,
ó dalẹ̀ mi lọ́sàn-án gangan,
mo wá ń tọrọ iná kiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tọrọ iyọ̀.
Ṣùgbọ́n aago márùn-ún kò yẹ̀ rí.
Mo dìde, mo ṣí ìkòkò, mo ro aró,
ó ń ké lórí fèrèsé,
mo ní, "Ẹ kú ìdájí o, Bàbá.
Ṣé ẹ ti lò ó?"