Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta

"Àga. Iyọ̀. Ẹ̀fúùfù.
Ẹ bá mi fi wọ́n pamọ́, n óò tún bèèrè."
Àárọ̀ Ọjọ́rú nìyẹn, ní Ẹ̀pẹ́,
lábẹ́ páànù tó kọjú sí ọ̀sà:
èmi, fáìlì, bírò, aago ọwọ́ kan,
àti àgbà mọ́kànlá lórí bẹ́ńṣì.

Wọ́n ní dókítà dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni,
ṣùgbọ́n n kì í ṣe ti abẹ́rẹ́.
"Oògùn wo lo wá mú fún wa?"
Ìbéèrè ni mo mú wá, ẹ̀yin ìyá mi,
ìbéèrè, ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké,
àti ọṣẹ ìfọṣọ kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan.
Ibi tí owó ìwádìí gùn dé nìyẹn.

"Ọjọ́ wo la wà lónìí?" ni ìwé ń bèèrè.
Màmá Àṣírù ní,
"Ọjọ́ tí omi máa kún ni. Ṣé o ò rí òṣíbàtà tó ń wọ́ bọ̀ ni?"
Mo wo ìwé. Kò sí àyè fún òṣíbàtà.
Òdo ló yẹ kí n kọ. Mi ò kọ ọ́.
Ọ̀gá mi ní Ìdí-Àràbà yóò bi mí nípa àlàfo yẹn.

Ní lábù, eku mẹ́rìndínlógójì ni mò ń sìn.
Mo kọ́ wọn lọ́nà inú omi,
mo wá ń ṣọ́ èyí tó máa kọ́kọ́ gbàgbé.
Mo ti gé ọpọlọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ,
mo rẹ ẹ́ láró, mo tì í sábẹ́ awò:
ìdọ̀tí tó so kókó láàárín fọ́nrán,
bí àwọ̀n tí wọ́n ká jọ láìṣa pàǹtí inú rẹ̀.
Bí iná bá lọ lóru, èmi ni wọ́n ń pè.
Mo ti fi aṣọ oorun gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ bá jẹnẹrétọ̀,
torí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wà nínú yìnyín yẹn;
bó bá yọ́, ọdún méjì ló yọ́.
Ọdún méjì náà sì ni wọ́n gbà mí fún.
Ó ku oṣù mẹ́rin. "Wọ́n á bá ẹ fi kún un."
"Wọ́n" yìí, mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹni kejìlá ò sí nínú àkọsílẹ̀.
Ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yọ, bàtà ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́:
Mùtáírù, mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi,
bàbá tó bí mi.
Ó jókòó. "Sínótù, bi èmi náà."
Sínótù ni àbúrò rẹ̀ tó kú kí wọ́n tó bí mi.
Òfin ní a kì í dán ẹbí ẹni wò.
Mo pa fáìlì dé. Mo ṣáà bi í.
Àga. Iyọ̀. Ẹ̀fúùfù.
Ó tún un pè ketekete, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé.

A ń retí ìṣẹ́jú márùn-ún.
Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òdì kejì, ó ń húkọ́.
Bàbá dẹtí. "Púlọ́ọ̀gì kejì ló dọ̀tí.
Kí wọ́n fi yanpépà ha á."
Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ọmọ tó wà á yọ púlọ́ọ̀gì kejì:
ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta wo ni mo sọ?"
Ó wo omi. Ó wo bàtà ọwọ́ rẹ̀.
"Iyọ̀," ló wí. Ó pẹ́ díẹ̀.
"O ń ta iyọ̀ nígbà yẹn, Sínótù,
o ò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."

Mo mọ orúkọ kókó tó ń ta sí i lórí.
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí òyìnbó kà.
Kò bá wa wá àga rí.

Mo gba bàtà náà, mo kúnlẹ̀, mo fi bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.
Mo fún un ní ọṣẹ kan tó ṣẹ́kù.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dìde, ó tún fìlà ṣe.
"Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ bá mi kí bàbá yín nílé."

Mo ní wọ́n á gbọ́.