Àga Tó Ń Dún

Èmi ni ẹni keje tó jókòó sórí àga yìí
nílé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Bí mo bá fẹ̀yìn tì í, á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àtàndá ló lò ó ṣáájú mi, ọdún mọ́kànlá gbáko.
Láyé ìgbà tiẹ̀, bí àga bá ti dún,
àwa olùkọ́ kékeré tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á panu mọ́,
a ó máa wo bàtà wa.
Oṣù mẹ́jọ ni fáìlì mi fi sùn nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀
nítorí mo ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìpàdé,
ọ̀rọ̀ kékeré, lórí ọjọ́ ìdánwò.
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyáàfin, a ti gbọ́."
Ìgbéga mi gba ọ̀nà Ìlọrin lọ, kò padà wá.

Mo búra lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn yàrá ìkàwé
pé bí àga yẹn bá bọ́ sí mi lọ́wọ́,
n kò ní fi jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni níyà.
Ẹnu ẹni tó wà ní ìdúró ni mo fi búra.
Ẹni tó jókòó, ẹnu mìíràn ló ní.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀yẹ́ ń jà,
Bàbá Gbádérò òjíṣẹ́ yọjú:
"Màmá, ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀ o."
Ọmọ wo?
"Tinúadé. Láti aago mẹ́jọ. Ìwé tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí ni."
Aago méjì ti lù.
Mo ti ní kó dúró, mo ní mo ń ṣiṣẹ́.
Fóònù ni mo ń wò.
Mo yíra padà kí n lè bínú dáadáa,
àga dún.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mo ti gbé inú rẹ̀ rí.
Ó máa ń rí lẹ́nu bí omi tó ti pẹ́ nínú páànù.

N kò mọ ìgbà tí mo di Àtàndá.
Kò sẹ́ni tó fi mí jẹ ẹ́.
Díẹ̀díẹ̀ ni, bí eruku ṣe ń bo ìwé:
ìkíni kan tí n kò dáhùn,
orúkọ Akínlàbí tí mo fà igi lé nínú ìgbìmọ̀
torí ó bèèrè ibi tí owó ìrìn-àjò wọlé sí.

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fúnra mi.
Ọmọ náà fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú.
Ètè rẹ̀ ti là. Ọ̀rá kaṣú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ìyá mi ní kí n mú un wá, mà, kí ọwọ́ yín lè yá."

Ilẹ̀ ì bá là.

Ara ògiri ni mo ti fọwọ́ sí ìwé náà.
Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ.
Mo ní kó máa jẹ kaṣú rẹ̀ lọ títí dé Arówómọlé.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe Akínlàbí, mo bẹ̀ ẹ́.
Kò tíì gbà mí gbọ́. Kò jẹ̀bi.
Bàbá Gbádérò gbé epo wá, ó fẹ́ fi sí ẹsẹ̀ àga.
Mo ní rárá, Bàbá.
Ẹ jẹ́ kó máa dún.
Èmi ló ń bá wí.